Ẹkún Hàlímọ̀tù Lára Ògiri

Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì kú ní Bùdó Àyìnlá, àgbàdo oko rẹ̀ kò tíì gbó. Ọ̀kadà ló gbá a níbi tó ti ń ti oko bọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Wọ́n sin ín wéréwéré bí ẹ̀sìn ṣe wí, wọ́n fa aṣọ ìkélé sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀tù, wọ́n sì ní kí ó jókòó opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹni tí kò bá tíì rí opó ní oko Ìlọrin á rò pé jíjókòó lásán ni. Kì í ṣe jíjókòó lásán o. Opó kì í jáde, kì í lé tìróò, kì í fi lọ́fínńdà para. Ọkùnrin tó bá lè fẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú kò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀. Bàbá tó bí i, ọmọ ọkùnrin tó bí, àti àbúrò tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló lè ká aṣọ ìkélé kúrò kí wọ́n wọlé jókòó tì í. Hàlímọ̀tù kò ní bàbá mọ́, kò sì bí ọkùnrin. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní ni Ummu Salamah, ọmọdébìnrin tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já geere. Ó wá ní àbúrò kan, Abdulwaris, tó ń kàwé ní yunifásítì, tó ń gbé láàárín àwọn ọmọléèwé ní Tanke.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì, Àáfáà Ìsmáílà, ni olórí ẹbí. Gàmbàrí nínú ìlú Ìlọrin ni ilé rẹ̀ wà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú; ilẹ̀ Bùdó Àyìnlá pàápàá, ilẹ̀ bàbá wọn ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó dúró sí ìta aṣọ ìkélé, ó bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní súrà.

"Hàlímọ̀tù, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Àáfáà."

"Àṣà ilé wa ni pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá kú, Gàmbàrí ló ń bọ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Hàlímọ̀tù kúnlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Mo mọ̀, Àáfáà. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ni. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ànábì."

"Mo gbọ́. Jókòó opó rẹ bó ṣe yẹ. Kí ojú ọkùnrin kan má kàn ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ́nu rẹ. Bí o bá ṣe é yọrí, ọmọ rẹ á wà lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá dójú tì wá, má tún wá bẹ̀ mí."

Màsúdát, ìyàwó Àáfáà, tó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àáfáà, oore yín mà pọ̀ jù o," ló wí. "Èmi ti tẹ́ ẹní tí ọmọ náà á máa sùn sí."

Láti ọjọ́ náà ni Hàlímọ̀tù ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin lórí. Bí àwọn ọmọdé bá gbá bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀, á sá sí kọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin bá kí i láti ìta, kì í dáhùn. Á kàn fi ìka lu ògiri lẹ́ẹ̀kan kí onítọ̀hún mọ̀ pé ó gbọ́. Àwọn obìnrin abúlé ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn kò rí opó tó mọ́ tó báyìí rí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Lọ́sàn-án, tí Ummu Salamah bá ti sùn, á gbé dàńṣíkí tí Ọ̀ṣẹ́nì fi ń lọ oko sórí itan, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pàápàá kò lè gbọ́.

Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni Abdulwaris dé. Ó wọ mọ́tò ní Ọ̀fà Garage, ó ra búrẹ́dì dání fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Hàlímọ̀tù kò bo orí. Ooru mú, àbúrò rẹ̀ sì ni. Wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán. Nígbà tó yá, ó dà bíi pé Hàlímọ̀tù gbàgbé pé ẹnìkan wà nínú yàrá, ó yíjú sí dàńṣíkí náà. Abdulwaris yọ fóònù jáde, ó gbé e ti ife omi.

"Ọ̀ṣẹ́nì," ni Hàlímọ̀tù ń wí, "ta lo fi mí sílẹ̀ fún? Ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti ìlú, iṣu inú àká ló kọ́kọ́ kà kó tó wo ojú ọmọ rẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá wa, Ọ̀ṣẹ́nì, ìṣojú mi ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Ó wá bú sẹ́kún, irú èyí tí kì í ní ariwo, tó jẹ́ pé èjìká lásán ló ń mì.

Nígbà tó gbójú sókè ló rí ojú fóònù.

"Kí nìyẹn?"

"Iṣẹ́ kíláàsì ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí a mú ìtàn obìnrin kan wá, tàwòrán tohùn. Lẹ́kíṣọ́rà mi ló máa wò ó."

"Ọkùnrin ni?"

"Obìnrin ni. Dókítà Ìrètí. Òun nìkan."

Hàlímọ̀tù nu ojú rẹ̀. "Bó bá jẹ́ obìnrin, tí kò sì kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò burú. Ó tiẹ̀ ń wù mí kí obìnrin kan gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wò mí dáadáa, Abdulwaris. Ọmọ mi ló wà nínú fóònù yẹn. Bó bá jáde síta, ọmọ mi ló jáde lọ́wọ́ mi."

"Wallahi, kò ní jáde."

"Tún un búra."

Ó tún un búra, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀.

Dókítà Ìrètí wo fídíò náà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Èyí ti ju iṣẹ́ kíláàsì lọ," ló wí. Ìdíje kan ń bọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti dúró níwájú èrò, á fi àwòrán àti ohùn ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ àwọn ènìyàn lọ́kàn. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á gba kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n á sì mú un lọ Àbújá. "O lè gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí mi. Ojú obìnrin yìí kì í ṣe tìẹ. Bò ó. Yí ohùn rẹ̀ padà, kí o sì yọ gbogbo orúkọ kúrò. Kí o tó ṣe ìyẹn rárá, padà lọ bi í. Sọ fún un pé gbọ̀ngàn ni, pé ọkùnrin á wà níbẹ̀, pé fóònù á wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Kò padà lọ. Ó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ. Nígbà tí Dókítà tún bi í, ó ní, "Ó gbà, mà. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí i."

"Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà?"

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà, mà."

Ó kúkú bo ojú náà lóòótọ́. Ó pa á rẹ́ títí tó fi dà bí ojú tí wọ́n wé ní ọ̀rá, ó sì yí ohùn padà títí tó fi ń dún bíi ti bàbá arúgbó tí òtútù mú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, kò rí ohun tó lè pa ènìyàn lẹ́kún níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, ọmọbìnrin tó ṣáájú rẹ̀ fi àwòrán kànga gbígbẹ han èrò, àtẹ́wọ́ ń ro gbàà. Abdulwaris mọ̀ pé tòun kò lè gba irú rẹ̀. Níbi tó jókòó sí níwájú ló ti ṣí kọ̀ǹpútà, ó yọ èyí tó bò, ó fi èyí tó ṣí sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun sáà ni àbúrò rẹ̀. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ló fún òun láyè láti rí ojú yẹn. Bí kì í bá ṣe òun, ta ló tún lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í hàn?

Báyìí ni ojú Hàlímọ̀tù ṣe kún ògiri gbọ̀ngàn, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, tòun ti irun tí kò dì àti omijé tó ń ṣàn dé àgbọ̀n. Ohùn rẹ̀ ń ti inú sípíkà jáde láti ọ̀tún àti òsì. Nígbà tó dé ibi iṣu inú àká, ẹ̀rín sọ, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Nígbà tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn tó rẹ́rìn-ín ń wá nǹkan nu ojú. Dókítà Ìrètí ti dìde dúró láti ẹ̀yìn, ó ń pe orúkọ Abdulwaris, àtẹ́wọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Abdulwaris ló gba ipò kìíní.

Nínú àwọn tó gbé fóònù sókè lọ́jọ́ náà ni ọmọ Gàmbàrí kan wà, Habibullah, tó ka kéú lọ́wọ́ Àáfáà Ìsmáílà nígbà kékeré, tó sì wà níbi ìsìnkú Ọ̀ṣẹ́nì. Kò pẹ́ tó fi mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, ó kọ sí i lábẹ́ pé, "Àáfáà wa oníṣu." Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ta ìkòkò àti àwọn tó ń ta tùràrí lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí Gàmbàrí ti ń gbé e han ara wọn. Àáfáà ló ṣáájú wọn kírun. Ìrun parí, ó yíjú padà sí àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé àwọn kan kò lè wo òun lójú.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Bùdó Àyìnlá. Màsúdát ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé sípíkà tí wọ́n fi ń ṣe wólímọ̀ àwọn ọmọ kéú mọ́ àyà. Àáfáà gba àga, ó jókòó sí àárín agbo ilé, ó ní kí wọ́n pe tọkùnrin tobìnrin abúlé wá. Kò gbé ohùn sókè.

"Hàlímọ̀tù, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Hàlímọ̀tù fi ìka lu ògiri lẹ́ẹ̀kan.

"Háà! Opó tòótọ́!" ni Màsúdát kígbe. "Kò fẹ́ kí ọkùnrin gbọ́ ohùn òun! Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ àká dìde. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Hàlímọ̀tù gbọ́ obìnrin kan tó ń pe Ọ̀ṣẹ́nì, kò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni. Ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín gbogbo èrò yẹn ló yé e. Ó jókòó sílẹ̀.

"Ohùn ta nìyẹn?" ni Àáfáà bi í.

"Ohùn mi ni, Àáfáà."

"Ta ló gbà á sílẹ̀?"

"Àbúrò mi ni. Ó búra fún mi pé obìnrin kan ṣoṣo ló máa..."

"Àbúrò rẹ." Ó ní kí wọ́n dá a padà síbi ẹ̀rín. Wọ́n dá a padà. "Gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí, àbúrò rẹ ni gbogbo wọn?"

"Àáfáà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ kó iṣu. Ẹ gba oko, ẹ kó ewúrẹ́ lọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

"Iṣu ni o ní mo kọ́kọ́ kà níjọ́sí. Lónìí, mi ò wo ọ̀nà àká. Ọmọ ni mo wá wò."

Màsúdát wọnú yàrá, ó di aṣọ Ummu Salamah sínú ọ̀rá, ó gbé ọmọ náà láti orí ẹní. Ọmọ náà jí, ó fi igbe ta. Ìyá rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Màsúdát fi ìgbònwọ́ tì í, ó já ọmọ gbà, ó sì dúró lóde aṣọ ìkélé gan-an.

"Bó o bá fẹ́ràn rẹ̀, jáde wá gbà á," ló wí. "Àwọn ọkùnrin kàn dúró síhìn-ín ni. Àwọn ará Tanke sáà ti wò ọ́ tán, kí ló kù tí ò ń fi pamọ́?"

"Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan jáde," ni Àáfáà wí, "o ti bá wa parí ẹjọ́ náà."

Hàlímọ̀tù dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú yàrá, ọwọ́ rẹ̀ na síwájú, kò lè tẹ̀ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ummu Salamah na ọwọ́ sí i, kò bá a, aṣọ ìkélé ló bá. Ó gbá a mú. Bí Màsúdát ti ń fà á lọ, gbogbo aṣọ náà já wálẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ojú ọkùnrin gbogbo bá Hàlímọ̀tù níbẹ̀, tòun ti orí tí kò bò. Ó yára kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn ló kọ sí ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ ọkọ̀. Kò rí i, ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́ títí ọkọ̀ náà fi gba ọ̀nà títì lọ.

Nígbà tí ìròyìn dé Tanke, Abdulwaris sáré lọ bá Dókítà Ìrètí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún Àáfáà pé iléèwé ló fi dandan lé e pé kí òun ṣí ojú ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀.

"Ṣé irọ́ mìíràn lo tún fẹ́ kí n bá ọ pa lé èyí tó o pa fún mi?" ni Dókítà bi í. Ó fa ìwé kan síwájú ara rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. "Mo ti ní kí wọ́n gba ẹ̀bùn yẹn padà. Mo ti ní kí wọ́n yọ fídíò kúrò lórí ìkànnì wa. Ta ló máa bá mi wọ inú fóònù gbogbo Ìlọrin? Èmi náà ì bá ti lọ bi obìnrin yẹn fúnra mi. Ọ̀nà tó jìn ni mo rò. Jáde."

Abdulwaris wọ mọ́tò lọ Bùdó Àyìnlá. Wọ́n ti so aṣọ ìkélé padà. Hàlímọ̀tù jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, dàńṣíkí kò sí lórí itan rẹ̀ mọ́.

"Ṣé o gba ẹ̀bùn rẹ?" ló bi í.

"Wọ́n ti gbà á padà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Háà. Ó dùn ọ́?"

Abdulwaris fi ọwọ́ bo ojú.

"Lọ mú ọmọ mi wá," ni Hàlímọ̀tù wí. "Èmi kò lè jáde. Ìwọ lè jáde. Lọ mú un wá fún mi, má sì padà síbí lọ́wọ́ òfo."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń lọ Gàmbàrí, tí àwọn ọmọ kéú ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Àáfáà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Abdulwaris dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni Àáfáà wí. "Èmi kò bínú sí ọ. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ǹ bá má mọ ohun tó wà nínú ìyàwó àbúrò mi. Ọmọ lo wá mú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àáfáà. Ẹ ṣàánú wa."

"Wọlé lọ bá a lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń bá ọ lọ, ẹ máa lọ. Mi ò ní dá yín dúró."

Ara Abdulwaris yá gágá. Ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń pa ẹ̀pà. Ummu Salamah jókòó láàárín wọn, fóònù Màsúdát wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀.

"Ẹ wò ó, onísinimá ti dé!" ni Màsúdát wí, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. "Má bínú o, onísinimá. Ẹkún ló ń sun ṣáá nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí ilé sùn. Mo ní kí lẹ ń wá oògùn kiri sí, ṣebí ìyá rẹ̀ wà nínú fóònù? Mo fi í lé e lọ́wọ́, ó dákẹ́. Ummu Salamah, ọmọ dáadáa, báwo ni Màmi ṣe ń ṣe? Ṣe é kí àbúrò Màmi rí i."

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ha irun ara rẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ó fa àkísà kan sórí itan, ó tẹrí ba sí i. "Ọ̀ṣẹ́nì," ló wí, ó ń fi ahọ́n fa orúkọ bàbá rẹ̀, "ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Ó dánu dúró níbi tí ìyá rẹ̀ ti dánu dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká rẹ̀ kékeré méjèèjì, ó ń yọ́jú wo àwọn obìnrin náà láti ìsàlẹ̀ bóyá wọ́n ń wò ó. Wọ́n di ikùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màsúdát ki bisikíìtì kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Abdulwaris kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ummu Salamah, èmi ni. Wá. Ká lọ bá Màmi."

Ọmọ náà jẹ bisikíìtì, ó wò ó.

"Màmi ń dúró dè ẹ́ nílé. Ṣé wàá bá mi lọ? Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmi nìyí," ni Ummu Salamah wí, ó sì fi ìka han fóònù.

"Ìyẹn kì í ṣe Màmi. Wá, dìde." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á díẹ̀. Ọmọ náà rí i pé fóònù ń jìnnà sí òun. Ó ya ẹnu, ó ké, ó fi eyín gé Abdulwaris ní ọwọ́, ó ń pe Màmi, Màmi, ó ń na ara sí fóònù nílẹ̀.

"Òmíràn ti bẹ̀rẹ̀!" ni obìnrin kan kígbe. "Ẹ yà á! Ta ní fóònù lọ́wọ́? Ẹ yà á kó tó dákẹ́!"

Wọ́n gbé fóònù sókè. Abdulwaris rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀kan lára wọn, bó ṣe di ọmọ mú, tí ọmọ ń jà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ummu Salamah wọ́ lọ síbi fóònù, ó gbá a mọ́ àyà, igbe náà sì dá wáí.

Nígbà tí Abdulwaris jáde sí ìta, Àáfáà ti jókòó láàárín àwọn ọmọ kéú rẹ̀, ẹgba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dá wọn lẹ́kun kéú kíké.

"Kí ló wí?"

"Àáfáà..."

"Mo ní kí ló wí? Jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́."

Abdulwaris wo ilẹ̀. "Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun lòun wà."

Àáfáà mi orí. "Alhamdulillahi," ló wí, ó sì ní kí àwọn ọmọ náà máa ké e lọ níbi tí wọ́n ti dúró.